Ẹja tó bá fẹ́ bá omi lọ, ẹ jẹ́ kó lọ: ọ̀rọ̀ nípa dáàmù kékeré inú oko

 

Láàárín oṣù yìí nìkan, èèyàn mẹ́ta ló ti pè mí lórí fóònù pé àwọn fẹ́ sé odò inú oko àwọn. Ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ máa fi bomi rin tòmátò àti ata. Ìkejì fẹ́ sin ẹja àrọ̀. Ẹ̀kẹta ò tiẹ̀ fẹ́ dáko níbẹ̀ rárá. Ó ra ilẹ̀ éékà márùn-ún lọ́nà Ìsẹ́yìn, ó fẹ́ kọ́ ilé ìgbafẹ́ kékeré sí etí omi, kí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa wá fi ìwọ̀ dẹja lópin ọ̀sẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn bi mí: "Èló ni katapílà máa gbà?" Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Ó máa gùn díẹ̀, ẹ ní sùúrù fún mi.

Dáàmù kan wà nínú oko tiwa láti ìgbà tí bàbá wa ti wà láyé. Yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe kọnkéré. Ògiri ẹ̀ ga tó mítà 4 níbi tó ga jù, ó sì gùn tó mítà 60. Omi tó sé gba bí éékà kan àbọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn èèyàn máa ń ti Ìbàdàn wá, wọ́n á sanwó ìwọlé, wọ́n á fi ìwọ̀ dẹja, wọ́n á sun ún, wọ́n á mu ẹmu, wọ́n á ya fọ́tò. N ò ní purọ́ fún yín, owó yẹn wà lára ohun tá a fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ.

Gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló máa ń ní omi kékeré lèyí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Éékà kan àbọ̀, tí jíjìn ẹ̀ bá jẹ́ mítà kan àbọ̀ tá a bá pín in dọ́gba, lítà mílíọ̀nù 9 ló ń lọ sí. Ẹ mọ tánkà tó ń gbé epo lítà 33,000 lójú títì? Tó bí 270 irú ẹ̀. Ẹ wá ro ó pé tánkà 270 tò sórí òkè, tí gbogbo wọn ṣí ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà sórí abúlé kan.

Abúlé ọ̀hún sì wà. Téèyàn bá rìn fún bí ogún ìṣẹ́jú láti ẹ̀yìn dáàmù wa, á dé ibi táwọn ìyá kan ti ń ṣe gàrí. Etí odò ni wọ́n kọ́ àhéré wọn sí torí omi tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn wọn ni afárá kékeré táwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbà wà. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ní ìpín nínú owó ìwọlé tá à ń gbà lọ́jọ́ Sátidé. Wọn ò dẹja níbẹ̀, wọn ò sun ún jẹ. Àwọn ni dáàmù náà sì máa kọ́kọ́ bá tó bá já.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ń bójú tó ẹja. Òṣìṣẹ́ gidi ni, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣeré. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò oṣù Kẹsàn-án rọ̀ tó kún, ẹja àrọ̀ bá omi jáde, àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ odò ń fi apẹ̀rẹ̀ kó o, wọ́n ń pariwo ayọ̀. Ó dun àbúrò mi dọ́kàn. Òun ló ra oúnjẹ tó bọ́ wọn dàgbà, ẹ sì mọ iye tí àpò oúnjẹ ẹja kan jẹ́ báyìí. Ló bá lọ bá wẹ́dà kan, ó ní kó bá òun fi irin ṣe fírémù, kí òun na nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, kí òun fi dí ojú-àpọ̀jù. Ó ní omi á jáde, ẹja ò ní jáde.

Ojú-àpọ̀jù ni àwa ń pe ọ̀nà tí omi tó pọ̀ jù ń gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó má bàa gorí ògiri kọjá. Tẹ́ ò bá ní rántí nǹkan míì nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ rántí ibẹ̀. Ògiri yẹ̀pẹ̀ lè gbé omi fún ọgọ́rùn-ún ọdún níwọ̀n ìgbà tí omi bá ń ti ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ọjọ́ tí omi bá gorí ẹ̀, wákàtí mélòó kan ti tó láti parí ẹ̀. Omi á kọ́kọ́ máa ha ẹ̀yìn ògiri díẹ̀díẹ̀, á gbẹ́ ihò, ihò á máa sún wá sí iwájú, orí ògiri á wó wọlé, omi á tún pọ̀ sí i gba ibẹ̀. Tó bá ti dé ibẹ̀ yẹn, kò sí àpò yanrìn tó lè dá a dúró.

Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ẹ̀ ti ń bà yín jù." Mo ní kó jókòó, kí n sọ ìtàn kan fún un. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà, torí nẹ́ẹ̀tì ẹja wà nínú ẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, dáàmù yẹ̀pẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní South Fork. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 72, ó gùn tó 931. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ló kọ́ ọ, wọ́n parí ẹ̀ ní 1853, kó lè máa fún ọ̀nà odò tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lómi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Àmọ́ rélùwéè dé, ọ̀nà odò ò wúlò mọ́, ni wọ́n bá ta dáàmù. Apá kan ẹ̀ ya ní 1862, wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Páìpù irin ńlá márùn-ún ló wà nísàlẹ̀ ògiri náà tí wọ́n fi ń dín omi kù tí wọ́n bá fẹ́ ṣàtúnṣe. Ọ̀kan nínú àwọn tó rà á yọ páìpù yẹn, ó tà á bí irin kọ̀ndẹ́mù. Ẹ gbọ́ ná: ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè fi fa omi sílẹ̀ ló tà lówó irin àlòkù.

Ní 1879, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benjamin Ruff rà á. Òun àtàwọn olówó ìlú Pittsburgh fẹ́ sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, South Fork Fishing and Hunting Club, kí wọ́n máa wá fi ìwọ̀ dẹja níbẹ̀, kí wọ́n máa wakọ̀ ojú omi, kí wọ́n máa sá ooru ìlú. Andrew Carnegie wà nínú wọn, Henry Clay Frick wà níbẹ̀, Andrew Mellon náà. Àwọn tó lówó jù lórílẹ̀-èdè yẹn nígbà náà nìyí. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe tún dáàmù ṣe. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀, òkúta, ẹ̀ka igi, koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ ẹṣin di ibi tó ya. Wọn ò dá páìpù padà. Wọ́n gé orí ògiri wálẹ̀ kó lè fẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin láti kọjá. Wọ́n wá gbé nẹ́ẹ̀tì irin sí ojú-àpọ̀jù, kí ẹja tí wọ́n rà má bàa bá omi lọ.

Ibi tí mo sọ dé nìyẹn tí àbúrò mi gbójú sókè.

Nǹkan tó máa ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé ẹnì kan ti rí i tẹ́lẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ odò, máìlì 14 sí dáàmù, ìlú Johnstown wà níbẹ̀, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ irin. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ irin ìlú náà, Daniel Morrell, rán ẹnjiníà ẹ̀ John Fulton lọ wo dáàmù ní 1880. Fulton kọ̀wé pé kò sí páìpù tí wọ́n lè fi fa omi sílẹ̀, àti pé àtúnṣe tí wọ́n ṣe ò dáa tó. Ruff fèsì pé kò séwu fún wọn. Morrell tún ní àwọn ṣe tán láti dá sí owó àtúnṣe náà, wọn ò gbà á. Ẹ̀yin náà ẹ ro ó wò: ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ odò ń bẹ ẹni tó wà lókè pé kó jẹ́ kí òun bá a san owó ààbò, olówó ò dáhùn.

Lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1889, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Omi adágún ń gòkè. Pàǹtí, ẹ̀ka igi àti ewé wá dí nẹ́ẹ̀tì ẹja pinpin. Ojú-àpọ̀jù tó yẹ kó mí ò rí èémí mí mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ṣọ́bìrì kó yẹ̀pẹ̀ sórí ògiri, àwọn míì ń gbìyànjú láti gbẹ́ ọ̀nà omi kejì, ilẹ̀ le. Wọ́n gbìyànjú láti yọ nẹ́ẹ̀tì náà, ó ti pẹ́ jù. Ẹnjiníà ọ̀dọ́ kan, John Parke, gun ẹṣin lọ sí ìlú South Fork kí wọ́n lè fi wáyà sọ fún àwọn ará ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni wọ́n ń gbọ́ pé dáàmù fẹ́ já, kò sì já, wọ́n ti sọ ọ́ di àwàdà. Agogo mẹ́ta ọ̀sán kọjá díẹ̀, ògiri lọ. Láàárín bíi wákàtí kan, omi ti dé Johnstown. Èèyàn 2,209 ló kú. Ìdílé 99 ni kò ku ẹnì kankan sílẹ̀. Àwọn kan gbé ẹgbẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́, kò sẹ́ni tó rí ẹjọ́ jàre lórí wọn. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní tiwa ò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 72. Òótọ́ ni. Tiwa ò ju ẹsẹ̀ bàtà 13 lọ. Àmọ́ dáàmù ńlá, ìjọba ń wò ó, ẹnjiníà ń wò ó, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ta ló ń wo tiwa? Èmi àti ìwọ ni, àti ajá ọlọ́dẹ. Omi tó bá ń sáré, kò dìgbà tó bá dé ọrùn. Tó bá dé orúnkún àgbàlagbà, ó lè gbé e ṣubú. Kí la fẹ́ sọ nípa ọmọ ọdún méje tó ń gba orí afárá lọ sílé-ìwé?

Kẹ́nì kankan má sì sọ pé ìtàn àtijọ́ àwọn òyìnbó nìyẹn. Oṣù Kẹsàn-án 2024 kọ́ ni dáàmù Alau ya, tí omi wọ inú Maiduguri? Àwọn tó sì wà ní Ìbàdàn lóṣù Kẹjọ 1980 mọ ohun tí odò Ògùnpa ṣe, odò tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Pàǹtí tó dí ọ̀nà omi wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn náà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tuntun, kó kọ́kọ́ rin ìsàlẹ̀ odò fúnra ẹ̀, kó fẹsẹ̀ rìn, kì í ṣe ọ̀kadà. Kó ka ilé, kó ka afárá, kó bi wọ́n níbi tí omi ń dé nígbà òjò ńlá. Ibòmíì wà tó jẹ́ pé téèyàn bá rìn ín tán, á kàn padà lọ gbẹ́ kànga ni, kò ní sé nǹkan kan. Ìyẹn náà ọgbọ́n ni.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹ máa ṣe é, ẹ má dájọ́ katapílà nìkan. Katapílà mọ bí wọ́n ṣe ń kó yẹ̀pẹ̀ jọ, kò mọ̀ bóyá yẹ̀pẹ̀ náà á gbé omi. Ẹ wá ẹnjiníà tó mọ omi, owó ẹ̀ kéré sí owó tí wọ́n fi ń tún ṣe. Ẹ kó ilẹ̀ dúdú olóúnjẹ àti gbòǹgbò kúrò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí nǹkan tó ń jẹrà nínú ògiri, ihò ló máa dà. Ẹ rántí ìgbẹ́ ẹṣin South Fork. Ẹ gbẹ́ yàrà sísàlẹ̀ ògiri, kẹ́ ẹ fi amọ̀ kún un, kí omi má bàa gba abẹ́ ẹ̀ sá lọ. Ìpele ìpele ni kí wọ́n máa da yẹ̀pẹ̀, kí ìpele kan má nípọn ju bí sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, kó ní ọ̀rinrin díẹ̀, kí wọ́n lù ú le kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Ẹ má jẹ́ kó dúró ṣánṣán bí ògiri ilé. Ìhà tó kọjú sí omi, tó bá ga ní mítà 1, kó fẹ̀ ní 3. Ẹ̀yìn ẹ̀, ó kéré tán kó fẹ̀ ní 2. Ẹ fi páìpù tó ní fáàfù síbẹ̀ tí ẹ lè fi fa omi sílẹ̀, kí wọ́n sì fi àmùrè kọnkéré yí i ká nínú ògiri, torí ara páìpù ni omi ń tọ̀ jáde jù. Tó bá sì di pé ẹ fẹ́ fa omi sílẹ̀, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fà á gbẹ lójijì, iwájú ògiri tó ti mu omi yó lè já wálẹ̀ gbẹ̀ẹ̀.

Ojú-àpọ̀jù ńkọ́? Ẹ gbẹ́ ẹ sínú ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe sórí yẹ̀pẹ̀ tí ẹ kó jọ. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò pé ó yẹ lọ. Tí omi bá dé ẹnu ẹ̀, ó yẹ kó ṣì ku bíi mítà kan kó tó dé orí ògiri. Orí ògiri gan-an, ẹ jẹ́ kó tẹ́ dọ́gba. Tí àárín bá rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, àárín yẹn ni omi máa yàn láti gbà, níbi tí ògiri ti ga jù gan-an. Ẹ máa gbọ́ pé kí ẹ gbé pákó tàbí àpò yanrìn dí ojú-àpọ̀jù kí omi lè pọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ò gbé ní ìsàlẹ̀ odò.

Ní ti ìtọ́jú, àwa máa ń rìn ín lọ́jọọjọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn táwọn àlejò bá ti lọ, àti lẹ́yìn òjò ńlá èyíkéyìí. Ẹ̀yìn ògiri la máa ń wò jù, pàápàá ìsàlẹ̀ ẹ̀. Tí ibì kan bá tutù tàbí tí koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ lásìkò tí gbogbo koríko ti gbẹ, omi ń sun níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ dáàmù yẹ̀pẹ̀ ló ń sun díẹ̀, ìyẹn nìkan kì í pani. Ẹ fi ìgò bu omi náà, ẹ gbé e sójú oòrùn. Tó bá mọ́ gaara, ẹ máa ṣọ́ ọ, kẹ́ ẹ sàmì sí ibẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń pọ̀ sí i. Tó bá rú, ògiri ni omi ń kó jáde díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la: ẹ ṣí fáàfù, ẹ pe ẹnjiníà, ẹ pe àwọn ará ìsàlẹ̀ odò.

Òkété àti akàn máa ń gbẹ́ ihò sínú ògiri, ikán náà kì í gbẹ́yìn. A máa ń tú ihò wọn, ká fi amọ̀ tó rin dí i, ká lù ú. Igi sì rèé, ẹ má gbìn ín sórí ògiri. Mo mọ̀ pé àwọn àlejò fẹ́ràn ibòòji, ẹ gbin máńgòrò yín síbi tó jìnnà sí i. Gbòǹgbò igi tó bá kú á jẹrà, á fi ọ̀nà sílẹ̀ fún omi. Koríko bàhámà ló yẹ ògiri. Ẹ má jẹ́ kí màlúù gorí ẹ̀ wá mumi, ibi tí wọ́n bá ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ló máa rọ̀ wálẹ̀. Àwa àtàwọn darandaran sọ̀rọ̀ pọ̀, a ṣe kòtò omi fún wọn lápá òkè, kò sí ìjà.

Ohun tá a tún ṣe nìyí, mo rò pé òun ló dára jù nínú gbogbo ẹ̀. A ri òpó igi kan sínú omi, a kun ún ní ọ̀dà méjì, yẹ́lò nísàlẹ̀, pupa lókè. Tí omi bá dé yẹ́lò, àwa nìkan ló kàn, a ó lọ dúró tì í. Tó bá dé pupa, àbúrò mi á pe ìyá tó jẹ́ olórí àwọn aláàrí gàrí, á pe olùkọ́ ilé-ìwé, wọ́n á kúrò létí odò lọ sórí òkè láìbéèrè. A ò gbọdọ̀ pè wọ́n fún yẹ́lò. A ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa di àwàdà bíi ti Johnstown.

Nẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Àbúrò mi ò tíì gbà tán pé ó yẹ kí òun máa fún àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ odò lẹ́ja ọ̀fẹ́. Mi ò dá a lẹ́bi. Àmọ́ ó ti ṣe pọ́ndù tàpólì méjì lẹ́bàá ilé, lóṣù Kẹjọ kí òjò tó le, á kó àrọ̀ tó bá ti tó tà síbẹ̀, àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì á wá rà á láàyè. Epìyà la fi sílẹ̀ nínú dáàmù fún àwọn tó ń fi ìwọ̀ dẹja. Èyí tó bá bá omi lọ, ó lọ nìyẹn. Fírémù tí wẹ́dà ti ṣe tán, ìyàwó ẹ̀ ti sọ ọ́ di àtẹ tó fi ń yan ẹja.

Ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́nà Ìsẹ́yìn yẹn, mo ti ṣèlérí pé a ó jọ rin ìsàlẹ̀ odò ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹlòmíì tó bá fẹ́ kí n wá wo ilẹ̀ òun kó tó pe katapílà, kó tètè sọ, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.